Ẹ Mọ Sẹ́ẹ̀lì Tí Ẹ̀ Ń Tọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi Sẹ́ẹ̀lì Kókó Ọpọlọ Ṣe Ìwádìí

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá mi ní láàbù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ti fi oṣù mẹ́jọ dán oògùn kan wò lára ìran sẹ́ẹ̀lì kókó ọpọlọ tó ń jẹ́ U-251. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó wá ìran kejì tí yóò jẹ́rìí sí i, ló bá lọ tọrọ U-373 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní láàbù mìíràn. Èsì méjèèjì bára mu wẹ́kú. "Àǹtí, ẹ wò ó, bákan náà ni wọ́n ṣe ń kú," ló ń wí, tó ń fi ìka tọ́ ìlà méjì tó gorí ara wọn lójú kọ̀ǹpútà. Mo bi í pé níbo ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti rí U-373 náà. Kò mọ̀. Mo ní kó fa àga, kó jókòó.

Èyí tó pọ̀ jù nínú U-373 tó ń kiri láàbù kárí ayé láti ọjọ́ pípẹ́, U-251 ni. Àṣìṣe yìí wọ inú báǹkì sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀, kí wọ́n sì tó yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń tà. Ẹlẹ́rìí méjì tí ọmọ yìí kó wá sílé ẹjọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni, aṣọ ló pààrọ̀.

Ọmọ yẹn ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń fún sẹ́ẹ̀lì lóúnjẹ wà nínú ìwé pọ̀. Ohun tí wọn kì í tẹnu mọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé orúkọ tí wọ́n kọ sára ìgò kì í ṣe ẹ̀rí.

Kí ni ìran sẹ́ẹ̀lì?

Bí oníṣẹ́ abẹ bá yọ kókó nínú ọpọlọ aláìsàn, a lè gé díẹ̀ nínú rẹ̀, ká tú u ká, ká gbìn ín sínú ìgò tó ní omi oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì á kú. Ìwọ̀nba tó bá yè, tó ń pín sí méjì-méjì láìdáwọ́ dúró, òun là ń pè ní ìran sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí wọ́n ti ara rẹ̀ mú un lè ti kú láti àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì ń jẹun nínú láàbù lónìí. Mo máa ń rántí èyí nígbàkígbà tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn incubator, àpótí olóoru tí sẹ́ẹ̀lì ń gbé, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà máa rántí rẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn ìran tí a ń lò wá láti ara glioblastoma, jẹjẹrẹ ọpọlọ tó le jù lọ lára àgbàlagbà. Nínú ìwádìí ńlá tí Roger Stupp àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2005, ìdajì àwọn tó gba ìtànṣán nìkan ti kú kí oṣù 12.1 tó pé. Fún àwọn tó fi oògùn temozolomide kún un, oṣù 14.6 ni. Oṣù méjì àti ààbọ̀ péré ni ìtẹ̀síwájú tó yí ìtọ́jú àrùn yìí padà kárí ayé. Ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe kù tó.

Ẹ mọ ìbéèrè yín kí ẹ tó mú ìgò

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí "èwo ló wà nínú fíríísà?" dà bí ẹni tó kọ́kọ́ ra bàtà tó wá ń wá ẹsẹ̀ tó máa wọ̀ ọ́. Ìbéèrè ló ń yan sẹ́ẹ̀lì.

Bí ìbéèrè yín bá jẹ mọ́ temozolomide, ẹ kọ́kọ́ wo jíìnì tó ń jẹ́ MGMT. Òun ló ń ṣe purotéènì tó ń tún ibi tí temozolomide ti ba DNA jẹ́ ṣe. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ní in, oògùn náà kì í ràn án bọ̀rọ̀. T98G ní in, LN-18 náà ní in. Lára U-87 MG, U-251 àti LN-229, jíìnì náà ti dákẹ́. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn tó ń fọhùn àti ọ̀kan nínú àwọn tó dákẹ́, ẹ óò rí ìyàtọ̀ tó ní ìtumọ̀.

Bó bá jẹ́ p53, jíìnì tó ń dá sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ dúró, lẹ fẹ́ wò, ti U-87 MG àti A172 kò bàjẹ́, ti U-251 àti T98G ti bàjẹ́. PTEN, jíìnì mìíràn tó ń dènà jẹjẹrẹ, ti bàjẹ́ tàbí sọnù lára àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lára LN-229. Fún kókó ọpọlọ ọmọdé tó ń jẹ́ medulloblastoma, Daoy, tó wá láti ara ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin, àti D283 Med, tó wá láti ara ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́fà, ni kí ẹ wá lọ. Ẹ má fi sẹ́ẹ̀lì àgbàlagbà dáhùn ìbéèrè ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí ni SH-SY5Y. Mo máa ń rí i nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bíi kókó ọpọlọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Neuroblastoma ni, jẹjẹrẹ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ níta ọpọlọ, inú mùdùnmúdùn egungun ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin ni wọ́n sì ti mú ìran rẹ̀ jáde.

Ẹ wádìí ilé tí orúkọ náà ti wá

Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní ti sẹ́ẹ̀lì, orúkọ ló kọ́kọ́ ń dé ọwọ́ ẹni, nítorí náà ẹ padà lọ wo ilé. Ẹ lọ sórí Cellosaurus, àkójọ ọ̀fẹ́ tí Amos Bairoch dá sílẹ̀ ní Switzerland, ẹ tẹ orúkọ ìran náà sí i. Ìran kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CVCL. Ti U-87 MG tí báǹkì ATCC ń tà ni CVCL_0022. Bí ìṣòro bá wà lára ìran kan, ìkìlọ̀ á wà níbẹ̀ gbangba. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ àkójọ ICLAC wò, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń ṣọ́ òdodo ìran sẹ́ẹ̀lì; orúkọ àwọn ìran tí wọ́n ti rí i pé wọn kì í ṣe ohun tí orúkọ wọn ń sọ ló wà níbẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni iṣẹ́ yìí. Ohun tí ẹ lè rí níbẹ̀ á yà yín lẹ́nu. U-118 MG àti U-138 MG, ara aláìsàn kan náà ni wọ́n ti wá bí ẹ bá wo DNA wọn. SNB-19, ọmọ U-251 ni. Nínú ìran 60 tí National Cancer Institute ti Amẹ́ríkà fi ń dán oògùn wò, mẹ́fà ló jẹ́ ti ọpọlọ, SNB-19 àti U-251 sì wà nínú mẹ́fà náà.

Ti U-87 MG ló gba àlàyé jù. Ní Uppsala, ní Sweden, ni Jan Pontén ti gbìn ín ní àwọn ọdún 1960, láti ara obìnrin ẹni ọdún 44, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1968. Bẹ́ẹ̀ U-87 MG tó wà ní ATCC, tí gbogbo ayé ń lò, ó ní krómósómù Y. Báwo ni obìnrin ṣe ní krómósómù ọkùnrin? Ní 2016, àwọn onímọ̀ Uppsala, Bengt Westermark wà lára wọn, padà lọ gbé kókó àkọ́kọ́ tí wọ́n tọ́jú sí ilé ìwòsàn, wọ́n fi DNA rẹ̀ wé ti ATCC. Kò bára mu. Èyí tí wọ́n fi pamọ́ sí Uppsala fúnra rẹ̀ ló bá kókó náà mu. Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti ATCC náà ní àmì sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, ó sì jọ glioblastoma gidi, àmọ́ ti ẹni tí a kò mọ̀.

Ṣé kí a wá jù ú nù? Èrò tèmi ni pé rárá. Ẹ lè lò ó gẹ́gẹ́ bíi glioblastoma. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ mọ́ pé ti obìnrin ẹni ọdún 44 ni, ẹ má sì fi ṣe ìwádìí tó dá lórí ìyàtọ̀ ọkùnrin àti obìnrin.

Ìṣòro yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1951 ni wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì lára Henrietta Lacks ní Baltimore, òun ni HeLa. Ó ń dàgbà ràgàjì débi pé bí ẹ̀kán rẹ̀ kan bá já sínú ìgò ẹlòmíràn, òun ni yóò gba ilé. Ní 1966, Stanley Gartler fi hàn pé ọ̀pọ̀ ìran tí wọ́n ń pè ní oríṣiríṣi orúkọ, HeLa ni wọ́n. Ohun tó tú àṣírí ni irú énsáímù G6PD kan tí a ń pè ní A, tó wọ́pọ̀ lára àwa ọmọ adúláwọ̀, tí kò sì yẹ kó wà lára sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ní ara àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti mú.

Ẹ rà á níbi tó dájú, kí ẹ sì gbọ́ oríkì rẹ̀

Àwọn báǹkì sẹ́ẹ̀lì ńlá nìyí: ATCC wà ní Virginia, DSMZ wà ní Jámánì, ECACC wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ̀ pé owó wọn wọ́n, owó tí wọ́n fi ń kó o dé ọ̀dọ̀ wa á sì tún gorí ẹ̀. Bí apá kò bá ká a, tó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀rẹ́ lẹ ti gbà á, ẹ fi owó àyẹ̀wò STR sílẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn.

STR ni àyẹ̀wò tó ń ka iye ìgbà tí àwọn ẹ̀ka kúkúrú DNA kan tún ara wọn sọ, ní ojú ibi mẹ́jọ ó kéré tán níbẹ̀rẹ̀, mẹ́tàlá nínú ìlànà tuntun, pẹ̀lú amelogenin tó ń sọ bóyá akọ ni tàbí abo. Èèyàn méjì lè máa jẹ́ Àdùkẹ́, oríkì orílẹ̀ wọn ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. STR ni oríkì orílẹ̀ sẹ́ẹ̀lì. Ẹ ó fi DNA ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, nọ́ńbà ni wọ́n á dá padà, ẹ ó sì fi wọ́n wé ti Cellosaurus. Bí wọ́n bá bára mu tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹbí kan náà ni. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń sọ DNA nù bó ṣe ń dàgbà, nítorí náà ẹ má retí ọgọ́rùn-ún. Krómósómù Y pẹ̀lú máa ń sọ nù: bí amelogenin bá fi X nìkan hàn, kò túmọ̀ sí pé obìnrin ló ni ín.

Ẹ ṣe é nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá dé, kí ẹ tó fi pamọ́, àti lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, kí ẹ tó kọ ìwé.

Ọjọ́ tí sẹ́ẹ̀lì bá dé

Ìgò kékeré tó ti inú náítírójìn olómi jáde, ẹ má gbé e sílẹ̀ kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. DMSO tí wọ́n fi dì í, tó dáàbò bò ó nínú òtútù, májèlé ló ń dà bó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ìdáàbòbò, nítorí ìgò tí náítírójìn bá ti wọnú rẹ̀ lè bú gbàmù. Ẹ tì í bọ omi tó wà ní ìwọ̀n 37 Celsius, kí ọmọrí rẹ̀ má kan omi, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Nígbà tó bá ku yìnyín bíi hóró àgbàdo kan láàárín rẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ fi ọtí nù ún, ẹ gbé e sínú hood, àpótí afẹ́fẹ́ mímọ́ tí a ti ń ṣiṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì.

Ẹ rọra dà á sínú omi oúnjẹ bíi mílílítà mẹ́sàn-án, ẹ fi ẹ̀rọ yí i ní 125 × g fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje, ẹ da omi orí rẹ̀ nù, ẹ fi oúnjẹ tuntun rò ó, ẹ dà á sínú ìgò ńlá. U-87 MG àti T98G, omi oúnjẹ EMEM pẹ̀lú omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù ìdá 10 ni ATCC ní kí a fún wọn. LN-229, omi oúnjẹ DMEM pẹ̀lú ìdá 5. Inú incubator wà ní ìwọ̀n 37, afẹ́fẹ́ CO2 sì wà ní ìdá 5. Ẹ má yọ wọ́n lẹ́nu títí di ọjọ́ kejì.

Oúnjẹ ojoojúmọ́ àti pípín

Àwọ̀ omi oúnjẹ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Pupa ni nígbà tó bá bá sẹ́ẹ̀lì lára mu. Bó bá di pupa rúsúrúsú tó ń lọ sí àwọ̀ omi ọsàn, oúnjẹ ti ń tán tàbí àlejò ti wọlé. Bó bá di àwọ̀ elésè àlùkò, CO2 ló dín kù, ẹ lọ wo gáàsì. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ fi maikirosikóòpù wò wọ́n. U-87 MG máa ń kóra jọ bí ìdì, bí ẹ bá sì jẹ́ kó pọ̀ jù, á di bọ́ọ̀lù kéékèèké tó ń léfòó. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti kú, á dà á nù.

Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ti bo bí ìdá 80 ìsàlẹ̀ ìgò, ẹ pín wọn. Ẹ fi omi iyọ̀ PBS tí kò ní káṣíọ́ọ̀mù ṣan wọ́n, ẹ da trypsin, énsáímù tó ń tú wọn kúrò lára ìgò, sí i, ìṣẹ́jú méjì sí márùn-ún. Ẹ máa wò wọ́n: wọ́n á kọ́kọ́ ká kò, wọ́n á yí ribiti, wọ́n á wá máa yọ̀ bí ẹ bá fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ìgò pẹ́pẹ́. Kíá, ẹ da omi oúnjẹ tó ní omi ẹ̀jẹ̀ sí i kí trypsin má baà jẹ wọ́n.

Ẹ kà wọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ pò wọ́n mọ́ trypan blue ní dọ́gbadọ́gba, ẹ ka igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwo tí a fi ń ka sẹ́ẹ̀lì (hemocytometer). Bí igun kọ̀ọ̀kan bá ń sún mọ́ 52, 52 lọ́nà 2 lọ́nà 10,000 jẹ́ 1,040,000 nínú mílílítà kan. Èyí tó bá gba àwọ̀ búlúù ti kú, ẹ má kà á mọ́ àwọn alààyè.

Ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ ti pín wọn sára ìgò. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti pín ní ọgọ́rin ìgbà kì í ṣe èyí tó dé ní oṣù àkọ́kọ́ mọ́. Ìran méjì kò gbọdọ̀ jọ wà nínú hood lẹ́ẹ̀kan náà, ìgò oúnjẹ kan kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Irú ibẹ̀ ni ìran kan ti lè di òmíràn.

Àlejò tí ojú kì í rí

Mycoplasma jẹ́ kòkòrò tó kéré débi pé ó lè gba inú asẹ́ kọjá. Kì í sọ omi di dúdú, kì í rùn. Kò ní ògiri lára, nítorí náà pẹnisílínì kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ló ń ṣe, á máa jẹ oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, á máa yí ìṣesí jíìnì wọn padà, ẹ̀yin á sì rò pé oògùn yín ló ń ṣiṣẹ́. Mo ti fi oṣù mẹ́ta iṣẹ́ ṣòfò nítorí rẹ̀ rí. Láti ìgbà náà, ìgò tuntun èyíkéyìí tó bá wọlé wa, incubator tirẹ̀ ló ń lọ títí èsì PCR, àyẹ̀wò tó ń wá DNA mycoplasma, á fi dé, a sì ń yẹ gbogbo ìyókù wò lóṣooṣù. Bí ẹ bá bá a, ẹ ju sẹ́ẹ̀lì náà nù, kí ẹ yọ ti tẹ́lẹ̀ jáde nínú ìpamọ́. Oògùn tó ń lé e wà, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ẹlẹgbẹ́ mọ́ láyé nìkan ni mo lè rò ó fún.

Ẹ má sì máa lo antibiotics lójoojúmọ́. Ó ń bo ìdọ̀tí ọwọ́ mọ́lẹ̀ ni.

Ìpamọ́, àti ọ̀rọ̀ iná

Ọ̀sẹ̀ kìíní tí sẹ́ẹ̀lì bá ti dúró dáadáa, ẹ dì í pamọ́. Mílíọ̀nù kan sí méjì nínú ìgò kékeré kan, nínú omi ẹ̀jẹ̀ ìdá 90 àti DMSO ìdá 10. Ẹ fi sínú àpótí ìdìtútù tó ní isopropanol, tó ń jẹ́ kó tutù ní ìwọ̀n kan láàárín ìṣẹ́jú kan, kó sun inú fíríísà −80 mọ́jú, lẹ́yìn náà kó wọ náítírójìn olómi, tó wà ní −196.

Fún àwa tí iná kì í dúró lọ́wọ́ wa, náítírójìn ni ọ̀rẹ́ gidi, nítorí kò nílò iná rárá. Fíríísà −80 ló ń sùn nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀. Nítorí náà, ẹ má fi sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ nínú −80 ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Ẹ fi ọ̀pá wọn jíjìn náítírójìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sórí ògiri, kí ẹnì kan tó ní orúkọ ní ojúṣe náà. Kí ẹ pín ìpamọ́ sí ilé méjì bó bá ṣeé ṣe.

Nígbà tí ẹ bá dán oògùn wò

Ìwọ̀n oògùn ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́. Temozolomide tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kò jìnnà sí 50 micromolar nígbà tó bá pọ̀ jù, èyí tó ń dé inú omi ọpọlọ sì jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Ẹni tó bá da 1,000 micromolar sórí sẹ́ẹ̀lì, tó wá ń yọ̀ pé wọ́n kú, kò tíì sọ ohunkóhun fún aláìsàn. Ọjọ́ mẹ́ta kò sì tó: sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ pín ní bí ìgbà méjì lẹ́yìn oògùn náà kí ikú tó dé. Ẹ gbin ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀, ẹ fún wọn ní ọjọ́ 10 sí 14, ẹ wá ka èyí tó di àkójọ. Kí ìgò tó gba DMSO tí ẹ fi yọ́ oògùn náà nìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo.

Àwọn ìran àtijọ́ tó ń mu omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù ti yàtọ̀ sí kókó tí wọ́n ti wá. Jíìnì EGFR tó máa ń di púpọ̀ nínú bí ìdajì glioblastoma kì í sábà dúró nínú wọn. Bí ẹ bá gbin U-87 MG sínú ọpọlọ eku, á dàgbà bí bọ́ọ̀lù tó ní ààlà, nígbà tí glioblastoma èèyàn ń ta gbòǹgbò káàkiri. Ní 2006, ìwé kan nínú Cancer Cell fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì tí a bá gbìn láìsí omi ẹ̀jẹ̀, tí a fi purotéènì ìdàgbàsókè EGF àti FGF bọ́, ń jọ kókó àkọ́kọ́ jù. Uppsala ní àkójọ irú rẹ̀ tó ń jẹ́ HGCC. Bí owó bá wà, ẹ fi ọ̀kan nínú irú wọn kún iṣẹ́ yín.

Ohun kan tún wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìran wọ̀nyí, ara àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti wá. Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, dá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní UCH Ìbàdàn ní 1962, ó sì kọ̀wé nípa kókó ọpọlọ lára àwọn ọmọ Nàìjíríà. Kókó ń jáde ní yàrá iṣẹ́ abẹ wa lónìí, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń parí sínú fọmalíìnì. Mo fẹ́ rí i kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn, kí ìgbìmọ̀ ìlànà fọwọ́ sí i, kí a gbìn ín, kí oríkì ará ilé wa náà wà nínú Cellosaurus.

Bí ẹ óò ṣe kọ ọ́

Nínú ìwé yín, ẹ kọ orúkọ ìran náà pátápátá, nọ́ńbà CVCL rẹ̀, ibi tí ẹ ti rà á, ọjọ́ tí ẹ ṣe STR, ọjọ́ tí ẹ yẹ mycoplasma wò kẹ́yìn, àti iye ìgbà tí ẹ ti pín in láti ọjọ́ tó dé.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi fi ìgò méjèèjì ránṣẹ́ fún STR. Nọ́ńbà kan náà ló padà wá. Ó sunkún, ó sì tún orí kẹta ìwé rẹ̀ kọ látòkè délẹ̀. T98G ló rà ṣìkejì, èsì rẹ̀ kò sì bá ti U-251 mu rárá, ìyẹn gan-an ló wá di ọ̀rọ̀ tó tọ́ láti sọ nínú ìwé náà. Ìgò àkọ́kọ́ tó dì pamọ́ ṣì wà nínú náítírójìn wa, ìwé ọwọ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: T98G, ìgbà kẹta, ọjọ́ tó dì í, STR ti bára mu, mycoplasma kò sí.